Ìdànrè Ni Mo Mú

Lọ́dún tí bàbá mi sọ pé gbogbo wa máa lọ gun òkè, kò sí ẹni tó ń lé wa, kò sì sí ohun tí a sọ nù sórí òkè kankan. Ó kàn wù ú ni. Tíṣà jọ́gíráfì ni bàbá mi, nílé ẹ̀kọ́ girama kan lápá Challenge ní Ìlọrin. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri pálọ̀ wa tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú bọ̀ láti ìlú òyìnbó, àwòrán òkè tí yìnyín bò funfun ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọkùnrin kan àti obìnrin méjì tí wọ́n mú ọ̀pá lọ́wọ́, tí wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọdún kàlẹ́ńdà náà ti kọjá tipẹ́tipẹ́, bàbá mi kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Bí ó bá ti jẹun tán, á dúró níwájú rẹ̀, á fi igi ìtayín tọ́ka sí i, á ní, "Ẹ wo àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ẹnu ìsinmi ni wọ́n wà. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n mú ìlú kan nínú méjì, wọ́n lọ fi ọjọ́ mẹ́ta gun òkè, wọ́n padà sílé. Ìlàjú nìyẹn." Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, á dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, láì gbé ojú kúrò lára tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀: "Sàlíù, ẹni tí ogun ò lé, kí ló ń wá lórí òkè?"

Ilé wa kò jìnnà sí Ọjà-Ọba. Agboolé ni, àwọn yàrá yí àgbàlá ká, kànga wà láàárín, ilé kéú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ńlá. Bí mo bá fẹ́ rántí ọdún yẹn, etí ni mo fi ń rántí rẹ̀ kí ojú tó dé e. Ládàánì á pe ìrun Àsùbáà, garawa á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara kànga, ìgbálẹ̀ á máa ha ilẹ̀ gbẹrẹfu, àwọn ọmọ kéú á sì gbé ohùn sókè lórí wàláà wọn, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀. Lábẹ́ gbogbo ariwo yẹn ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi máa ń dún nínú yàrá wa, ó ń sáré, ó ń dúró, ó ń sáré, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń pọn omi àárọ̀. Ṣífáwù, àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ló ń gbálẹ̀. Múfú, ẹ̀gbọ́n wa tó ti pé mẹ́rìnlá, kò ṣe ju kí ó gé igi ìdáná lọ, á sì máa kùn títí á fi gé e tán. Kókó àti másà la ń jẹ láàárọ̀, tùwó ló sábà máa ń wà lálẹ́. Ìyá Àgbà kì í jẹ tùwó tí kì í bá ṣe èmi ni mo gbé e fún un. Èmi náà ni mo ń fi òrí ra ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí oríkèé máa ń dùn ún. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo sì gbà pé èmi ló fẹ́ràn jù lọ láyé. Títí dòní mi ò rí ìdí tí mo fi máa sọ pé irọ́ ni.

Ìyá mi kì í ṣe ọmọ Ìlọrin. Àdó-Àwáyè ni wọ́n ti bí i, ní Òkè-Ògùn, nísàlẹ̀ òkè olókùúta tó gbé omi dúró lórí. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló wá kọ́ ní Ìlọrin tí bàbá mi fi rí i. Ìtàn bí bàbá mi ṣe lọ tọrọ rẹ̀, kò sí ọmọ agboolé wa tí kò mọ̀ ọ́n. Òun àti àgbà méjì lọ sí Àdó, bàbá ìyá mi sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, omi lásán kò fi lọ̀ wọ́n. Nígbà tó yá ló jáde, ó ní òun ti fún ọmọ ìjọ òun kan lọ́mọ náà, kí wọ́n máa lọ. Ìyá mi tẹ̀ lé bàbá mi láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Bàbá mi sì búra lójú àwọn àgbà méjì yẹn pé ẹsẹ̀ òun àti ti ìyàwó òun kò ní tẹ Àdó mọ́, àfi bí wọ́n bá wá bẹ òun nílé. Wọn kò wá. Bàbá ìyá mi kú, wọn kò wá. Ìyá ìyá mi nìkan ló kù, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń fọ́, ìbúra náà sì wà níbi tó wà. Àwọn obìnrin agboolé ń pe ìyá mi ní Ìyàwó Ará Òkè, wọ́n á sín ohùn rẹ̀ jẹ nídìí kànga, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, á gbé omi rẹ̀, á wọlé. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ìdí nìyẹn tí kò fi ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé wa. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ tí wọn kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kù díẹ̀ kí wọ́n gba họlidé, mo gbé omi wọ yàrá, mo bá ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. Bàbá mi ń wo ojú fèrèsé. Ìyá mi ń sọ pé, "Ojú ló kàn fẹ́ fi rí mi, Bàbá Múfú, kó tó fọ́ tán." Wọ́n rí mi, wọ́n dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, bàbá mi gbé páálí funfun kan wọ pálọ̀, ó fi ìṣó kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà, ó sì fi gègé dúdú kọ Ìdànrè sápá ọ̀tún, Àdó-Àwáyè sápá òsì. Ó ní a máa lo ìsinmi wa bí ọmọlúàbí. Ọjọ́ mẹ́ta la máa fi gun òkè, ìlú méjèèjì ló yẹ, a sì máa mú ọ̀kan. Lọ́kàn ọmọdé tèmi, mi ò so ọ̀rọ̀ orí ìkúnlẹ̀ yẹn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ páálí. Nísinsìnyí mo mọ ohun tí bàbá mi ń ṣe. Ọkàn rẹ̀ ti rọ̀, ojú ló ń tì í. Bí ó bá gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Àdó, wọ́n á ní Sàlíù ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Àmọ́ bí àwọn ọmọ bá ní òkè Àdó ló wu àwọn í gùn, tí arúgbó kan sì ṣèèṣì ń gbé nísàlẹ̀ òkè náà, ta ló máa sọ pé ó kó ọ̀rọ̀ jẹ? Ọgbọ́n tó dá nìyẹn. Ọgbọ́n ojo ni.

Bí ó bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á ṣe àlàyé ìlú méjèèjì fún wa bí ẹni wà ní kíláàsì. Ìdànrè ní àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Ààfin àtijọ́ wà lókè níbẹ̀ tí àwọn èèyàn ti gbé rí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Àdó sún mọ́ wa jù, òkè rẹ̀ kò le tó ti Ìdànrè, ṣùgbọ́n omi Ìyàkè wà lórí rẹ̀, omi tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀rùn. "Omi lórí òkúta!" ni bàbá mi máa ń wí, á sì wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ oúnjẹ sí abẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, ó kọ bí ọ̀nà ṣe rí. Nígbà tó kan ibi tí a máa sùn, ó kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ sábẹ́ Ìdànrè. Abẹ́ Àdó, kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ní Àdó, ibi tí a máa sùn wà." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ lórí páálí yẹn nìyẹn. Bàbá mi wúkọ́. Ìyá Àgbà, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, dáwọ́ tẹ̀sùbáà dúró.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló pè mí pé kí n wá fi òrí ra ẹsẹ̀ òun. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ni bàbá mi ní kí àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ìlú tí a mú. Mo jókòó sórí ẹní, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan. Ó jẹ́ kí n ra ọ̀kan tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ràfátù, èwo lo máa mú lọ́la?"

"Àdó ni, Ìyá Àgbà. Mo fẹ́ rí omi orí òkè."

"Omi." Ó mi orí. "Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti fún ìyá rẹ lọ́kọ nílùú yẹn kí bàbá rẹ tó mú un wálé?"

"Mo gbọ́."

"Ọkùnrin náà ò tíì kú o. Wọn ò jẹ ìdána wa, wọn ò mu omi wa. Lójú tiwọn, ìyàwó onítọ̀hún ló ṣì jẹ́. Ọjọ́ tó bá fẹsẹ̀ tẹ ìlú yẹn, ó tán nìyẹn. Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ máa padà wálé."

Ọwọ́ mi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ìyá wa máa padà."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tó rántí igi tí ìtẹ́ rẹ̀ wà, ta ló máa há a mọ́lé?"

"Ṣé kí n sọ fún Bàbá?"

"Háà! Bí o bá sọ ọ́, bàbá rẹ á lé e síta kó tó dọ̀la, ìwọ lo sì máa jẹ̀bi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣáà mú Ìdànrè. Èmi àti ìwọ la jọ mọ̀, Ọlọ́hun sì ń gbọ́." Ó ṣí ìkòkò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bu wàrà dídì tó ti fi ata sè sínú àwo, ẹyọ mẹ́rin, ó ní kí n jẹ ẹ́ níbẹ̀ kí àwọn yòókù má bàa rí i. Mo jẹ ẹ́. Mo ti dàgbà ju bí ìyá mi ṣe dàgbà nígbà náà lọ báyìí, mo sì ti yí ọ̀rọ̀ ọ̀sán yẹn síwá sẹ́yìn títí, mi ò tíì lè sọ bóyá Ìyá Àgbà gba ohun tó sọ gbọ́. Ó ṣeé ṣe kó gbà á gbọ́. Àgbàlagbà lè kórìíra èèyàn pẹ́ títí, kí irọ́ tó pa mọ́ ẹni náà wá di òótọ́ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo ń ṣọ́ ìyá mi. Mo bá a tó ń rán ìró àti bùbá kan, aṣọ aláwọ̀ aró tó ní òdòdó kéékèèké, kì í sì í ṣe aṣọ oníbàárà, nítorí kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tó rán an tán, ó ká a, ó fi bébà wé e, ó sì tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ àpótí rẹ̀, lábẹ́ gbogbo aṣọ yòókù. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹrù ló ti ń dì yẹn. Aṣọ tó máa wọ̀ fún ọkọ rẹ̀ ti Àdó nìyẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé bùbá náà fẹ̀ jù fún un, pé ọrùn rẹ̀ gbòòrò bí arúgbó ṣe ń fẹ́ ẹ. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó ní, "Àjíkẹ́ mi, kí lò ń wò?" Mo ní, "Kò sí." Òun nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè mí nínú gbogbo ilé.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ti ìrun dé, kò tíì bọ́ agbádá rẹ̀ tó fi pè wá sí pálọ̀. Ìyá Àgbà jókòó sáyè rẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́yìn àga bàbá mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn àga náà. Bàbá mi ní, "Èmi ò ní ti ẹnikẹ́ni sí ibì kan. Ẹ̀yin lẹ máa gùn ún, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mú un. Múfútáù?" Múfú kò wo páálí rárá. Ojú ìyá wa ló ń wò. Ó ní, "Àdó." Ṣífáwù ní òun fẹ́ ka àtẹ̀gùn, Ìdànrè ni òun mú, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi yíjú sí mi. "Ó ku Ràfátù." Mo wo ìyá mi. Ó ń wò mí, ó sì mi orí sí mi díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe sí ẹni tó ti mọ̀ pé tòun ni. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Mo ní, "Ìdànrè ni mo mú."

"Ṣé o rò ó dáadáa?" Ohùn bàbá mi ti yí padà. "Ìwọ tí o ti ń pariwo omi orí òkè láti ọjọ́ yìí?"

"Ìdànrè ni, Bàbá."

Ó ń wò mí, ó ń retí pé kí n yí i padà. Ó lè yí i padà fúnra rẹ̀. Òun ni baálé ilé, òun ló kan páálí mọ́ ògiri, òun ló búra, òun ló sì lè tú ìbúra. Ó mú gègé, ó fa ìlà kọjá lórí Àdó-Àwáyè, ó ní, "Ó dáa. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́." Ìyá Àgbà ní, "Àlùhámúdù lílàhì." Ìyá mi gbé ọwọ́ kúrò lẹ́yìn àga. "Ó dáa náà," ló sọ, ó sì wọlé lọ. Kò pẹ́ tí a gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò dúró, ó kàn ń sáré lọ ni. Múfú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sọ sí mi létí pé, "Ọ̀dàlẹ̀."

A lọ sí Ìdànrè. Mi ò ní purọ́, ìlú náà dára, ọ̀rẹ́ bàbá mi àti ìyàwó rẹ̀ sì gbà wá bí ọmọ ìyá. Wọ́n fọ́ èso kòkó fún wa kí a máa lá omi dídùn ara rẹ̀, wọ́n sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà fún wa, obìnrin náà sì ń pe ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a gun òkè. Bàbá mi ti gé ọ̀pá bíi tàwọn ara inú kàlẹ́ńdà, ó ń ṣàlàyé òkúta fún wa, èémí sì ń já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣífáwù ka àtẹ̀gùn títí ìṣirò fi dàrú mọ́ ọn lójú, ó bú sẹ́kún, Múfú sì gbé e pọ̀n. Ìyá mi kò jókòó níbi ìsinmi kankan. Ó wà níwájú gbogbo wa, ó ń gùn ún bí ẹni tí ara rẹ̀ mọ òkè láti kékeré, bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin mi ò rí i kó yára rìn rí. Nígbà tí a dókè, òun ti wà níbẹ̀. Bàbá mi nu òógùn, ó ní, "Ìyá Múfú, wo ayé! Ṣé ó dùn mọ́ ọ?" Ìyá mi ní, "Apá ibo ni Òkè-Ògùn wà láti ibí?" Tíṣà jọ́gíráfì kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sápá ìwọ̀-oòrùn. Ìyá mi kọjú síbẹ̀ títí a fi fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Èmi dúró tì í, mo di etí ìró rẹ̀ mú. Inú mi dùn. Lójú mi, mo ti gbà á là.

Kò tíì pé oṣù méjì tí a dé tí obìnrin kan tó máa ń kó òfì wá tà láti Ìsẹ́yìn fi yà sílé wa. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń gbúròó ilé. Ìyá mi ń gé aṣọ lórí tábìlì. Obìnrin náà kò jókòó. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n ti sin ìyá yín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Ìyá mi gé aṣọ náà dé òpin, ó to awẹ́ rẹ̀ jọ, ó sì jáde lọ sídìí kànga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi. Ó pọn ún kún ìkòkò wa, ó pọn ún kún ìkòkò Ìyá Àgbà, ó pọn ún kún gbogbo garawa tó wà nínú agboolé àti kẹ́tùrù àwọn ọmọ kéú, nígbà tí kò sí ohun èlò mọ́ ó ń dà á sílẹ̀, ó ń pọn òmíràn. Àwọn obìnrin tó ń sín in jẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó lè sún mọ́ ọn. Bàbá mi dé, ó gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Mo fún ọ láyè. Lọ. Èmi gan-an á mú ọ lọ lọ́la." Ó wò ó. Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ lọ kí, Bàbá Múfú?"

Mo sọ fún ìyá mi. Mi ò lè gbé e mọ́. Mo wọ yàrá lọ bá a ní bí ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo sunkún, mo sì sọ gbogbo ohun tí Ìyá Àgbà bá mi sọ, láti orí ọkọ àkọ́kọ́ dórí wàrà. Ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò dá mi dúró.

"Ìdí tí o fi mú Ìdànrè nìyẹn?"

"Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ò ní bá wa padà."

Òwú náà wọlé. Ó so ó lẹ́nu. Ó ní, "O ò bi mí."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò nà mí, kò sì bá Ìyá Àgbà jà. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí i bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìyá mi ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo gbọ́ tí arúgbó náà ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi sì ń dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹun, Ìyá. Ẹ la ẹnu." Aṣọ aláwọ̀ aró yẹn, ó tú u, ó fi rán gáùn fún mi nígbà Iléyá. Mo wọ̀ ọ́ lọ yídì, mo ń yí i po láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Múfú ló wá sọ fún mi, nígbà tí mo ti dàgbà, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rán an fún. Ìyá mi ń tọ́jú mi, ó ń bọ́ mi, ó rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, ó pọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn, Ràfátù ló ń pè mí bíi ti gbogbo ayé. Bàbá mi yọ kàlẹ́ńdà náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ń sọ pé àkókò ló ń wo ọgbẹ́ sàn. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, kò gbé ilé kan náà pẹ̀lú ìyá mi.

Bàbá mi ti kú. Malete ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mò ń lọ, mò ń bọ̀ lójoojúmọ́, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ mi ní Ìlọrin. Lọ́dún tó kọjá mo ní kí n gbé e lọ sí Àdó. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta ó ní, "Bó o bá fẹ́." A bá ilé náà. Obìnrin kan tó ti darúgbó jókòó sí fàráńdà, ó ń ṣa ẹ̀gúsí, ó gbójú sókè wo ìyá mi títí, ó wá da àwo ẹ̀gúsí nù, ó pariwo orúkọ kan tí mi ò gbọ́ rí: "Adéọtí!" Ọmọ àbúrò bàbá ìyá mi ni, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ dàgbà. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún, wọ́n jókòó. Ọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ bọ̀, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọdún yẹn, láìmọ ẹni tó jókòó tì í.

Ó ní, "Nígbà tí ìyá olófì ní o ránṣẹ́ pé bóyá ẹ máa wá gun òkè nígbà họlidé, ìyá wa ní ká rẹ́ yàrá. A rẹ́ ẹ. Ó ní bó bá jẹ́ òkè lẹ bá wá, ó ṣeé ṣe kí ojú tì yín láti yà sílé, òun á lọ dúró dè yín nísàlẹ̀ òkè. Àpótí ìjókòó ló ń gbé lọ lójoojúmọ́, a ó fà á lọ́wọ́ lọ, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á bi í: 'Ẹ̀yin ará Ìlọrin ni?' Gbogbo họlidé yẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ wọlé sílé ẹ̀kọ́ padà, ó ní bóyá ẹ ti gba ọ̀nà ibòmíràn sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò jáde mọ́."

Ìyá mi kò wò mí. Ó ń tún ẹ̀gúsí tó dànù ṣà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ràfátù, lọ gun òkè náà. Ṣebí òun la ní à ń bọ̀ wá gùn."

"Ẹ jẹ́ kí n dúró tì yín."

"Lọ."

Mo lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló mú mi gòkè. Mo rí Ìyàkè, omi dúdú kan tó dákẹ́ láàárín òkúta àti koríko, kò tóbi tó bí mo ṣe fọkàn yà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí n dúró kí òun ya fọ́tò mi, mo dúró, ó yà mí. Mo sọ̀ kalẹ̀. Kí n tó yọ sí ilé náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín obìnrin tó ti inú ikùn wá, tó ń ga sókè tí kò bìkítà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Òkè-Ògùn tó ń yára jáde débi pé mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Mo rò pé ará ilé mìíràn ló dé. Mo yọ sí wọn: ìyá mi ni. Ó ti bọ́ gèlè, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ sórí ẹní, ó ń fọwọ́ gbá obìnrin náà ní itan, omijé ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí.

Ó rí mi. Ẹ̀rín náà dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ kò, ó mú gèlè, ó wé e dáadáa.

"Ó yá, ká máa lọ," ló wí. "Ìlọrin jìnnà."